Iná Pupa Tí Kò Tàn Nínú Ọkọ̀ Rẹ

Ajégúnlẹ̀,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Sàfúrátù, Àjọkẹ́ mi,

Ọkọ̀ rẹ ti jáde ní wáàfù. Ó wà nínú ọgbà wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo sì fi tapólì bò ó nítorí òjò tí kò dá láti ìjẹta. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, mò ń gbọ́ bí òjò náà ṣe ń lu tapólì. Ọkọ̀ náà rẹwà, n kò ní purọ́. Ìyá rẹ ní ó lúgọ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku.

Ṣùgbọ́n n kò ní fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ èyí kí o tó ka ìyókù, kí o má baà máa wá a kiri nínú ìwé. O sọ lórí fóònù pé bí o bá ti dé láti Àbújá, Ìsẹ́yìn lo máa gbé e lọ tààrà kí Màmá, ìyá mi, lè ṣàdúrà sí i, àti pé òun lo máa gbé lọ síbi iṣẹ́ tuntun ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lójoojúmọ́ ayé. Mo ní, "Àjọkẹ́, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan." O ní, "Dádì, mo ti gbọ́. Ẹ kàn ní kí Mufú mẹkáníìkì pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, kó fọ ẹ́ńjìnì ẹ̀, ó ti tán." N kò tíì sọ nǹkan kan tí o fi gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìwé kì í jẹ́ kí ènìyàn já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni.

Ohun kan wà tí mo rí nínú ọkọ̀ náà. Ìparí ni mo fi í sí, nítorí o kò ní mọ bó ti wúwo tó bí n kò bá kọ́kọ́ sọ ti Lùkúmáànù àbúrò mi fún ọ.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọgbà tírélà kan ní Creek Road ni mo wà, èmi ni mò ń kọ ìròyìn ìjàǹbá. Bí tírélà bá ṣubú, wọ́n á rán mi lọ síbẹ̀: níbo ló ti ń bọ̀, kí ló rù, kí ni awakọ̀ rí, kí ni kò rí. Yunifásítì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀. Creek Road kọ́ mi pé bí o bá bi àwọn tó dúró yí ìjàǹbá ká pé kí ló fà á, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn máa fún ọ: "Àkókò ló tó." Mo gbà pé Ọlọ́run ló ni àkókò. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ sínú ìròyìn. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì ni, bíréèkì ni mo máa ń kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ kọ ti àbúrò mi fún ọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀, kì í ṣe bó ṣe dùn mí.

Ìwọ mọ Lùkúmáànù nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀ nìkan. A sọ fún ọ pé ìjàǹbá mọ́tò ló pa á lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn kí a tó bí ọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Boundary nígbà náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàárín ibẹ̀ sí Malu Road, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi àti òun la jọ ra ọkọ̀ tó kú sínú rẹ̀ náà. Ọkọ̀ Japan ni, ọkọ̀ eré bíi tìrẹ, ilẹ̀kùn méjì, tí ẹlòmíràn ti lò lókè òkun kí ó tó dé wáàfù Àpápá. Ohùn rẹ̀ nìkan ti tó láti mú ọ̀dọ́mọkùnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, ní ẹnu ọ̀nà wáàfù gan-an, Lùkúmáànù jókòó sí ìdí sitiárìn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì pè mí kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Bùrọ̀dá, ẹ wo dáṣíbọọ̀dù. Iná méjì-mẹ́ta ló tàn, wọ́n sì ti kú. Ẹ tún rí iná kankan? Ó dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun alẹ́."

Mo ní, "Ìwọ tí o kì í dúró dé ìparí ìrun, báwo lo ṣe mọ bó ṣe ń dákẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbádùn, jàre. Ọkọ̀ yìí mọ́. Ó mọ́ ju ọkàn yín lọ."

Èmi náà wò ó. Kò síná. Inú mi dùn. Tírélà ni mo mọ̀. Tírélà ìgbà náà kò ní ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ ẹ́ábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ jáde láti inú sitiárìn bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, kí àyà awakọ̀ má baà gbá irin. Ọkọ̀ tó bá ní i máa ń ní iná pupa kékeré kan lójú dáṣíbọọ̀dù, àwòrán ẹni tó jókòó, tí nǹkan róbótó wà níwájú rẹ̀. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnì tó dún, iná náà gbọ́dọ̀ tàn. Ọkọ̀ ló ń yẹ ara rẹ̀ wò. Bí gbogbo nǹkan bá pé, á kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò kú, ó ń kígbe pé ara òun kò dá. Ṣùgbọ́n bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti gé ahọ́n rẹ̀.

Tiwa kò tàn rárá. Àwa rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìlera.

O mọ àṣà ilé wa. Bí ọmọ bá ra ọkọ̀, ọkọ̀ náà kò tíì di tirẹ̀ títí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ yóò fi bu omi sínú abọ́, tí yóò ka àdúrà sí i, tí yóò wọ́n ọn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti wáàfù gba ọ̀nà jíjìn lọ sí ìlú kí mẹkáníìkì kankan tó rí abẹ́ wọn. À ń sáré gbé ohun tí a kò tíì mọ̀ lọ bá àdúrà. Lùkúmáànù kàn dúró ní Malu Road kí wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì forí lé Ìsẹ́yìn. Mo fẹ́ bá a lọ. Wọ́n pè mí síbi iṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí ó dé ilé. Màlúù kan já bọ́ sójú títì, Lùkúmáànù yà fún un, ó sì forí gbá ògiri afárá kékeré kan. Kò sáré. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí sọ bẹ́ẹ̀, ipa táyà rẹ̀ lórí ọ̀dà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó de bẹ́lítì. Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ìbàjẹ́ rẹ̀ ṣe kéré tó. Iná iwájú kan fọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ká. Gíláàsì kò sán. Mo ti rí ọkọ̀ tó rún wómúwómú tí awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Mo yí ọkọ̀ náà po bí mo ṣe máa ń yí tírélà po, mo ń wá ohun tí màá kọ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀.

Ideri àárín sitiárìn, níbi tí àyà rẹ̀ ti gbá a, ti là. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni fóòmù, irú èyí tó ń wà nínú tìmùtìmù. Wọ́n ti gé e róbótó, wọ́n fi àkísà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì lẹ ideri padà lé e lórí dáadáa. Àpò inú rẹ̀ ti bẹ́ nínú ìjàǹbá mìíràn kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ wa. Ẹnìkan dí ihò náà kí ó lè rí bí èyí tó pé, ó sì yọ gílóòbù iná pupa náà kí ọkọ̀ má baà sọ ọ́. N kò mọ ẹni náà. N kò rò pé ó jókòó pète pé kí ẹnikẹ́ni kú. Ó fẹ́ kí ọjà rẹ̀ tà ni.

Màmá ti bu omi sínú abọ́ láti ìgbà tí wọ́n kí ìrun ọ̀sán tán, wọ́n sì jókòó sí pèpéle tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Nígbà tí mo wọlé pẹ̀lú òkú, abọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn adìẹ ń mu nínú rẹ̀. Màmá ní, "Àdúrà tí mo fẹ́ gbà ṣì wà lẹ́nu mi."

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí ará yòókù bá wò ó. Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí kò ju kí o wò ó lọ. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe sí ọkọ̀ rẹ kí ó tó di ọkọ̀ àwọ̀lójoojúmọ́. Àwọn kan nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, Àjọkẹ́, má ṣe gba ohunkóhun gbọ́ nítorí pé ó ń dán. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, mo fi ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, mo sì wo àwọn bóòtù tó di ṣíà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí àgbàrá bá ti mu lókè òkun máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, bóòtù abẹ́ ṣíà rẹ̀ á sì ti dípẹtà bí ó ti wù kí wọ́n fọ ìta rẹ̀ tó. Tìrẹ gbẹ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ fífọ ẹ́ńjìnì. Má ṣe fọ̀ ọ́. Èmi gan-an ló fọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, pẹ̀lú omi tí ẹ̀rọ ń tì jáde, kí n lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n rí i bó ṣe ń kọ mọ̀nà. Omi wọ ibi tí wáyà ti pàdé. Fún gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, ọkọ̀ mi á kọ̀ láti sítáàtì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń tì í. Aṣọ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó.

Ẹ̀kẹta. Gbogbo omi àti òróró inú ọkọ̀ náà ni kí wọ́n ṣàn dànù: ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì jíà, òróró bíréèkì, omi rédíétọ̀. A kò mọ ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Bẹ́lítì tó ń yí inú ẹ́ńjìnì, bí ó bá ní i, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láì wo bó ṣe rí, nítorí ọjọ́ tó bá já ni ẹ́ńjìnì kú. Àwo bíréèkì rẹ̀ ti dípẹtà níbi tó dúró sí lẹ́bàá òkun. Mufú ti yọ wọ́n.

Bí mo ti dárúkọ Mufú, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín wa. Ọjọ́ Àtàláátà ló wá láti Malu Road pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní òun fẹ́ yọ tẹmositáàtì. Ìyẹn ni ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ.

Ó ní, "Alágbà, ti ìlú òtútù nìyẹn. Ilẹ̀ wa gbóná. Gbogbo tòkunbọ̀ tó bá wọ ọwọ́ mi ni mo ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀."

Mo ní, "Mufú, ara ìwọ náà gbóná. Ṣé ká yọ ọkàn rẹ?"

"Ẹ̀yin tí ẹ lọ yunifásítì yìí! Tí ó bá bọ́ìlì lójú ọ̀nà, ẹ má pè mí o."

"Bí ó bá bọ́ìlì, àá wá ohun tó ń mú un bọ́ìlì. A kò ní yọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sílẹ̀. Àṣìṣe gbogbo ìlú yìí ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, ọ́ìlì kì í ṣàn dáadáa, á máa mu epo bí ọ̀mùtí, á sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí atọ́ka ooru ń sọ fún ọ pé àlàáfíà ni. Tuntun ni kí wọ́n fi síbẹ̀. Kí wọ́n da omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀ sí i, kì í ṣe omi kànga wa. Kí ẹnikẹ́ni má sì so fáànù rẹ̀ tààrà mọ́ bátìrì. Ṣé o rí i, Àjọkẹ́? Nǹkan kan náà la ń bá kiri. Ohun tó bá ń kìlọ̀ fún wa nínú ọkọ̀ la kọ́kọ́ máa ń yọ.

Ẹ̀kẹrin ni tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, tó fi ń sáré bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì nìkan ló ń tù ú nínú. Ní òwúrọ̀, má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Bí o bá sì ti òpópónà dé, má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Jẹ́ kó mí díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ ti ki ọwọ́ bọ ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fi sílẹ̀ lọ. Epo tibí kò gba irú ìyẹn. Á máa kan nínú bí ẹni ń lu irin, ẹ́ńjìnì á sì fọ́. Kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà. Mo mọ̀ pé èyí ló máa dùn ọ́ jù.

Táyà rẹ̀, táyà yìnyín ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ìlú òtútù. Wọ́n rọ̀, ọ̀dà gbígbóná á jẹ wọ́n, wọn kò sì ní di ilẹ̀ mú nínú òjò. Ra tuntun, kí o ka ọjọ́ orí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o tó sanwó. Má ra táyà tòkunbọ̀. Mo rà á rí. Ó bẹ́ lórí afárá, àwọn tó ń lọ sì ń kí mi kú orí ire títí ojú fi tì mí.

Abẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó lè wuyì. O mọ àwọn kòtò tí tírélà gbẹ́ sí Creek Road, o sì mọ bí gọ́tà ṣe rí láàárín ilé wa àti Boundary bí òjò bá ti rọ̀. Kí wọ́n dá sípíríǹgì rẹ̀ padà sí gíga, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí o bá rí adágún omi, má wọ̀ ọ́ láì mọ bó ṣe jìn tó.

Wàyí o, ohun tí mo rí.

Mo bá ajẹ́ǹtì rẹ, ẹni tó bá ọ gba ọkọ̀ náà jáde, lọ sí wáàfù fúnra mi. Òjò ń ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n mú ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo jókòó sí ìdí sitiárìn, mo ti ilẹ̀kùn. Mo yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì rẹ̀. Iná ọ́ìlì tàn. Iná bátìrì tàn. Iná bíréèkì tàn. Mo ń wá ìkẹrin. Mo pa á, mo tún yí i. Ajẹ́ǹtì rẹ rò pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sítáàtì ọkọ̀ ìgbàlódé. Ó ki orí bọ fèrèsé.

Ó ní, "Alágbà, ẹ wo dáṣíbọọ̀dù. Kò síná kankan tó dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ tó mọ́ nìyí."

Kò mọ ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí, ní ẹnu ọ̀nà kan náà.

Mo ní kí wọ́n wá ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tí yóò gbé e wálé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọkọ̀ eré báyìí, ẹ̀yin fẹ́ gbé e lórí ọkọ̀ mìíràn bí aláìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àná ni Éfé, ríwáyà tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe nítòsí ilé epo, wá. O mọ̀ ọ́n; òun ló tún iná ilé wa ṣe. Ó tú bátìrì, ó ní ká dúró díẹ̀, ó sì ṣí àárín sitiárìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn.

"Dádì, ẹ wá wò ó," ó ní. "Nothing dey inside. Na foam."

Yẹ́lò ni fóòmù náà, Àjọkẹ́.

Ní iwájú ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ náà, wọ́n ti rán ojú dáṣíbọọ̀dù padà. Ìránṣọ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ nìkan ló lè rí i. Nítorí náà, ọkọ̀ rẹ ti ní ìjàǹbá rí, wọ́n sì ti bò ó. N kò mọ̀ bóyá òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é tàbí ọ̀nà tó gbà wá. N kò sì ní fẹ̀sùn kan ajẹ́ǹtì rẹ; ó jọ ẹni tí kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti mọ̀.

Éfé sọ ohun kan fún mi tí mo fẹ́ kí o di mú. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n á fi gílóòbù padà, wọ́n á sì so ó mọ́ iná ọ́ìlì, kí ó máa tàn kí ó sì máa kú bí ẹni pé ó ń sọ òótọ́. Nítorí náà, iná yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi àpò tuntun sí i, ìwọ àti èmi yóò wà níbẹ̀, a ó fi ojú wa rí àpò náà kí wọ́n tó dé e. Àpò gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó jóná. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti bẹ́lítì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí nǹkan kan náà ló ń jí wọn, ìjàǹbá tó bẹ́ àpò náà sì ti lò wọ́n tán. Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ yìí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó lè pẹ́. Ilé iṣẹ́ rẹ ní bọ́ọ̀sì. Máa wọ̀ ọ́.

Bí sùúrù rẹ bá tán, tí o fẹ́ tà á, ọkọ̀ rẹ ni, n kò ní dí ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà á, ìwọ ni o máa ṣí sitiárìn náà hàn án, níṣojú mi. A kò ní lẹ ideri padà lé e kí ọmọ ẹlòmíràn lè gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Bí ìyẹn bá mú kí ọjà kùtà, kó kùtà.

Mo mọ̀ pé inú rẹ máa bàjẹ́. O ti ń wo fọ́tò irú ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, o sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rà á. O tún máa rò pé ẹ̀rù ikú àtijọ́ ló ń bà mí. Ó ń bà mí. N kò rí ìdí tí kò fi yẹ kó bà mí.

Mo pe Màmá lánàá lẹ́yìn tí Éfé lọ, nítorí o ti sọ fún wọn pé ò ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Mo rò pé màá fi ọgbọ́n sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ Sàfú kò tíì lè rin ìrìn-àjò." Wọn kò bi mí pé kí ló ṣe é.

Wọ́n wá ní, "Sitiárìn ni, àbí?"

Mo ní, "Òun ni, Màmá."

Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó gbé e wá. Sọ fún un pé mi ò bu omi kankan sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ rí, mi ò fẹ́ rí ọkọ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá o mọ gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì Ìsẹ́yìn. Mo ní o mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n tún ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ síbẹ̀. Nítorí náà, wá síbí lọ́jọ́ Sátidé kí o tó lọ, kí n lè sìn ọ́ dé gáréèjì, kí n sì dúró títí bọ́ọ̀sì yóò fi gbéra.

Bàbá rẹ,
tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.